Ẹ Kọ́ Ìwé, Ẹ Kọ́ Iṣẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Olùkọ́ Ọ̀la

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti kọ́ ọmọ, mo sì ti kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíkọ́ olùkọ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà lè má ka ìwé púpọ̀, àmọ́ bí ẹ bá kó ọmọ 40 síwájú rẹ̀, ó mọ ohun tí yóò ṣe. Lónìí, ẹni tó gba oyè ní yunifásítì ti ka ìwé tí baba rẹ̀ kò rí kà. Ó mọ orúkọ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tó kọ̀wé nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn a máa gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dúró níwájú Praimárì Kẹta. N kò gbà pé dandan ni kí a fi ọ̀kan nínú ìwé àti iṣẹ́ sílẹ̀ ká tó ní èkejì, ìyẹn ni mo fi jókòó kọ èyí sí yín.

1. Ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ yín ti ṣẹ̀ wá.

Kì í ṣe yunifásítì ló bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ olùkọ́ nílẹ̀ wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹgbẹ́ oníwàásù CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ àti oníwàásù. Nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò nílùú, ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí lọ sí Èkó. Ní 1896 ló dé Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló sì ti di St. Andrew's College tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905. Àwọn obìnrin náà ní tiwọn, United Missionary College, ní Mọ́lété n'Ìbàdàn.

Ẹ wo àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí Wesley. Michael Adékúnlé Ajáṣin lọ sí St. Andrew's. D. O. Fágúnwà náà kàwé ní St. Andrew's láti 1926 sí 1929. Nígbà tó parí, wọn kò rán an lọ ọ̀nà jíjìn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ni títí di 1939. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Bí mo bá ń ka ìwé náà, ohùn tí mo máa ń gbọ́ ni ti ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú ọmọ ọdún méje jókòó jẹ́ẹ́, kí ọmọ náà sì máa bèèrè ohun tó kàn.

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́ kì í jìnnà sí ilé-ìwé tí àwọn tíṣà tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń dán ọwọ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á dúró níwájú àwọn ọmọ, á kọ́ wọn ní ìṣirò tàbí ìtàn Bíbélì; olùkọ́ rẹ̀ á jókòó sẹ́yìn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà á jókòó, kálukú pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, wọn á tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀: ibi tó ti yára jù, ìbéèrè tó bèèrè tó sì dá ara rẹ̀ lóhùn, ọmọ tó sùn lẹ́yìn tí kò rí. Ó máa ń ta ni lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti tú palẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní gbàgbé.

Orí ilẹ̀ St. Andrew's yẹn kan náà ni Emmanuel Aláyàndé University of Education wà lónìí, lẹ́yìn tó ti jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Adéyẹmí ní Oǹdó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ NCE níbẹ̀ ní 1964, náà ti di yunifásítì. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló dá irú rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2005, èyí tí wọ́n fi sọrí Táí Ṣólàárín, ní Ìjagun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ẹ bá wà ní ọ̀kan nínú wọn, ẹ rìn káàkiri ọgbà náà, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ pé níbo ni ilé-ìwé ìdánrawò wà, kí ló sì dé bá a.

2. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn ọmọdé, ẹ tètè kúrò.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló kọ ìmọ̀ òfin tàbí ìṣègùn sí fọ́ọ̀mù JAMB. Máàkì kò gbé e, wọ́n sì fún yín ní ohun tí ẹ kò bèèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọdún kejì yín tó parí, ẹ wá ọmọdé kọ́: ní Sọ́ńdè Sukúù, ní ilé-kéú, ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ládùúgbò. Ẹ kọ́ wọn fún oṣù díẹ̀. Bí ariwo wọn bá ṣì ń bí yín nínú, tí ojú yín kò sì mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá lóye ohun tí kò yé e lánàá, ẹ gba ẹ̀ka mìíràn lọ nígbà tí àyè ṣì wà. Ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ni a ó máa fi dúró de iṣẹ́ mìíràn.

3. Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ni dénú.

Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ẹni tó bá fẹ́ fi oyè yunifásítì ṣe olùkọ́ á kọ́kọ́ gba oyè rẹ̀ nínú ìtàn tàbí ìṣirò, á sì tún fi ọdún kan kọ́ ọ̀nà ìkọ́ni. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1959 láti wo irú ẹ̀kọ́ gíga tí orílẹ̀-èdè yìí yóò nílò, dá a lábàá pé kí yunifásítì so méjèèjì pọ̀ nínú oyè kan. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ló kọ́kọ́ gbé e ṣe, ní 1961. Babs Fáfúnwá, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ kó tó wá sí Yunifásítì Ifẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn yunifásítì yòókù ti gbà á, òun náà sì ni ẹ ń kà lónìí.

Ètò náà dára. Ó mú kí olùkọ́ tó ní oyè pọ̀ sí i kíákíá. Àmọ́ ó ní ibi tó ti máa ń jò: ẹ̀ka méjì ló ni yín, ó sì lè jẹ́ pé kò sí èyí tó ni yín tán. Àwọn ti fíṣíìsì á rí yín bí àlejò. Àwọn ti ẹ̀kọ́ olùkọ́ á gbà pé fíṣíìsì ti yé yín láti ọ̀hún. Láàárín méjèèjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jáde tó lè ka ọ̀nà márùn-ún tí a ń gbà kọ́ni ní iná mànàmáná láìmọ ohun tó fa iná náà. Nítorí náà, ẹ jókòó síwájú nínú kíláàsì fíṣíìsì. Ẹ wọ láàbù pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin ará Education kò nílò ìdajì kejì ìwé náà, ẹ kà á. Ọmọ kan yóò bi yín ní ìbéèrè láti inú ìdajì kejì yẹn, níwájú gbogbo kíláàsì.

4. Ẹ má dúró de TP.

Níbí ni ọ̀rọ̀ mi wà jù, ẹ jẹ́ kí n fà á gùn díẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni TP, ìyẹn ìdánrawò ìkọ́ni, ń gbà, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́rin. Alábòójútó á yọjú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, á yẹ ìwé nóòtì wò, á kọ máàkì sílẹ̀, á sì sáré lọ sí ilé-ìwé tó kàn, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ pọ̀. Ìyá mi kọ́ iṣẹ́ télọ̀: ọdún kan àkọ́kọ́, aṣọ àlòkù ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń kọ́ ọ, ó sì ń tú u lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ fún ní aṣọ oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Báwo ni ó ṣe dé ibi yìí? Ìkánjú ni, ìkánjú tó sì nídìí. Ní January 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tó wà ní praimárì kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní 1954. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ti lé ní 811,000. Níbo ni olùkọ́ yóò ti wá? Wọ́n kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níwèé mẹ́fà, àti ti Módà Sukúù nígbà tó yá, sínú kíláàsì, wọ́n sì gé ìgbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúrú. N kò dá wọn lẹ́bi. Ká ní wọ́n dúró de olùkọ́ tó péye ni, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ mi kì bá mọ A yàtọ̀ sí B. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún ṣí ẹ̀kọ́ praimárì sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní September 1976, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ẹrù ni àkókò tí olùkọ́ fi ń dán ọwọ́ wò lábẹ́ ojú àgbà.

Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní NCE ni ìwé ẹ̀rí tó gbọ́dọ̀ kéré jù lọ́wọ́ olùkọ́, nígbà tó yá sì ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíréèdì Tuu, tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ praimárì, kógbá wọlé. Ó yẹ kí ìwé ẹ̀rí ga sí i, mo fara mọ́ ọn. Ohun tí mo ń kẹ́dùn ni pé okùn tó so ẹni tó ń kọ́ olùkọ́ mọ́ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké já lọ́jọ́ náà, a kò sì tíì so ó padà. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tún dá kún un. Ti 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba mẹ́jọ. Bí yunifásítì bá wọlé padà, wọ́n á fún kàlẹ́ńdà pọ̀, TP á sì wà lára ohun tí wọ́n fún pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń kọ́ni ní ìdá. Nóòtì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ sì ń kà á tẹ̀lé e bí orin. Mo tọrọ àyè, mo bi ọmọ kan pé nínú ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin, èwo ló tóbi jù? Ó ní ti mẹ́rin ni, nítorí mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Mo bi àwọn yòókù. Gbogbo wọn gbà. Ojú ọmọbìnrin náà fà ro. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé búrẹ́dì méjì tó dọ́gba wá, ó gé ọ̀kan sí mẹ́ta, ó gé èkejì sí mẹ́rin, ó ní kí ẹni tí ebi ń pa wá mú. Kíláàsì náà dà rú fún ayọ̀. Kò sí ẹni tó tún ṣi ìdáhùn náà sọ.

Nínú ìwé wo ni yóò ti ka ohun tí ọmọ yẹn sọ? Ó lè wà nínú ìwé kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì bá tí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni. Nítorí náà, láti ọdún àkọ́kọ́ yín, ẹ wá ilé-ìwé praimárì ìjọba tó sún mọ́ ọgbà yunifásítì. Ẹ lọ kí ọ̀gá ibẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ ní ẹ fẹ́ máa wá ran tíṣà kan lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn tíṣà ibẹ̀ pọ̀ jù lọ ń dá kọ́ ọmọ tó ju agbára wọn lọ. Wọn kò ní lé yín. Ẹ mú ọ̀rẹ́ kan dání kó jókòó sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń kọ́ni, kó sì tú yín palẹ̀ lójú ọ̀nà ilé. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ àṣìṣe àwọn ọmọ sínú rẹ̀ lálaalẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí ìyanṣẹ́lódì bá tún dé, ẹ má fi í sùn. Ilé-ìwé praimárì kì í dẹ́kun nítorí ASUU.

5. Ẹ kọ́ ọmọ ní èdè tó gbọ́.

Ní January 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's A ní Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ló fún wọn lówó. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀lé ìlànà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ìyókù. Nígbà tí wọ́n wọn àbájáde rẹ̀, àwọn tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́ rárá. Adébísí Afọláyan, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ rò ó wò.

Èsì yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ohun tó wú èmi lórí jù ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì sọ̀kalẹ̀ wá sí praimárì. Wọ́n jókòó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní Yorùbá, wọ́n dá àwọn olùkọ́ kíláàsì lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n padà wá wo ohun tí ọmọ lóye àti èyí tí kò lóye, wọ́n sì tún ìwé náà kọ. Bí ẹ bá bi mí bí ó ṣe yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ rí, Mọdákẹ́kẹ́ ni màá nawọ́ sí.

Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà praimárì. Inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ ti wọlé nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Ní November 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo gbà pé wọ́n ṣì í ṣe. Ọdún mẹ́ta kò tó láti kọ ìwé, ká tó wá sọ ti kíkọ́ olùkọ́ tí yóò lò ó. Àwọn ará Ifẹ̀ lo ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó gbé èsì jáde.

Òfin á máa yí, ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á sì máa jókòó níwájú yín láràárọ̀. Ẹ múra sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́ lórí èémí tàbí ìwọ̀n, ẹ kọ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kà á sókè fún ìyá àgbà kan nílé. Bí kò bá yé ìyá àgbà, ẹ tún un kọ. Ẹni tí wọ́n bá sì gbé lọ sí Bàdágírì láàárín àwọn ọmọ Ègùn, tàbí sí Sábó láàárín àwọn ọmọ Haúsá, kó kọ́ èdè tiwọn díẹ̀. Ẹ̀tọ́ kan náà ni wọ́n ní.

6. Ẹ bèèrè ẹ̀tọ́ yín.

Wọ́n ti sọ fún ìran tiwa pé ọ̀run ni ère olùkọ́ wà. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í dúró de ère tiwọn dé ọ̀run. Ẹ má gbà á lẹ́nu wọn. Òfin kan tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2022 fi ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí 65, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ tó 40 ọdún. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ní October 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde ₦75,000 fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba ní sáà kọ̀ọ̀kan, àti ₦50,000 fún àwọn tó ń ṣe NCE. Ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì díìnì yín pé báwo ni ti ẹ̀ka yín ṣe rí, kí ẹ sì bèèrè ní àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá jáde, ẹ ṣe ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì forúkọ tiyín sílẹ̀. Láti 1993 ni òfin ti gbé àjọ náà kalẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní ìwé rẹ̀ kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é ní aláìmọṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ojú àwọn kan wà lókè òkun. Láti February 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí olùkọ́ láti Nàìjíríà béèrè fún ìwé àṣẹ ìkọ́ni wọn, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè. N kò ní bá ẹni tó bá lọ jà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọmọ níbí fún ìgbà díẹ̀, kí ọwọ́ yín mọ́ra kí ẹ tó lọ.

7. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú lẹ́tà TP wá bá yín lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bá di tíṣà.

Yóò dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, lẹ́tà yunifásítì á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń yọ̀ nígbà náà nítorí ìsinmi ti dé: wọ́n á kó gbogbo kíláàsì lé ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n á sì lọ jókòó sí yàrá tíṣà títí TP yóò fi parí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó máa wo yín. Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi pe ọmọ kan tí ẹ kò pe èkejì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fún un ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ gbé àga sẹ́yìn kíláàsì, kí ẹ mú ìwé àti bírò. Nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ ìsinmi, ẹ pè é sápá kan níbi tí àwọn ọmọ kò ti ní gbọ́, kí ẹ sọ ohun tó dára fún un ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ bi í pé ọmọ wo ni kò yé, báwo ló sì ṣe mọ̀.